Aláìsàn ìjẹun ní yàrá pàjáwìrì: ohun tó yẹ kí ẹ wò, ohun tó yẹ kí ẹ wọ̀n, àti ohun tí kò yẹ kí ẹ sáré fún un

Aláìsàn ìjẹun, ìyẹn ẹni tí àìsàn ọpọlọ ti ba àjọṣe òun àti oúnjẹ jẹ́ (eating disorder), kì í sábà dárúkọ àìsàn rẹ̀ tó bá dé yàrá pàjáwìrì. Á ní òòyì ń kọ́ òun, òun dákú, àyà òun ń já, ọ́lsà ń yọ òun lẹ́nu, tàbí pé ibà òun kò lọ. Wọ́n á fa dírípù sí i lára, wọ́n á kọ oògùn ibà fún un, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Nígbà tó bá fi máa padà wá, ọkàn rẹ̀ lè má ní agbára mọ́.

Nọ́ọ̀sì, dókítà àti òṣìṣẹ́ ìlera tó ń gba aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà la kọ èyí fún, yálà ẹ wà ní ilé ìwòsàn ìjọba n'Íbàdàn, ní kílíníìkì aládàáni l'Ékòó, tàbí ní A&E nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì Yorùbá ń ṣiṣẹ́. Ohun kan wà tí a fẹ́ kó yé gbogbo ẹni tó bá kà á: ebi nìkan kọ́ ló ń pa aláìsàn yìí. Ohun tí a bá sáré dà sínú ara tí ebi ti gbẹ, ì báà jẹ́ ṣúgà, omi, oúnjẹ tàbí oògùn, lè pa ẹni tí ebi kò tíì pa.

Oríṣi mẹ́ta la máa ń rí jù. Àkọ́kọ́ ni anorexia nervosa: ẹ̀rù kí òun má sanra ti mú ẹni náà débi pé ó ń febi pa ara rẹ̀, tó bá sì wo dígí, ọ̀rá ló ń rí níbi tí egungun ti yọ. Ìkejì ni bulimia nervosa: á jẹun rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà á ti ìka bọ ọ̀fun kó lè bì í, tàbí kó lo oògùn ìgbẹ́. Ẹni yìí kì í sábà rù. Ìwọ̀n ara rẹ̀ lè dà bíi ti ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kí potassium inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (èròjà tó ń jẹ́ kí ọkàn lù déédéé) ti lọ sílẹ̀ débi tí ọkàn lè dúró lójijì. Ìkẹta ni alátọ̀gbẹ tó ń gba insulin, tó wá ń mọ̀ọ́mọ̀ fo abẹ́rẹ́ kó lè fọn. Tí ṣúgà àti ketone (èròjà kíkan tí ara ń ṣe nígbà tí kò bá rí ṣúgà lò) bá ń gbé e wá léraléra láìsí ìdí mìíràn, ẹ bi í léèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọkùnrin wà nínú wọn, ìyá ọlọ́mọ wà nínú wọn. Ẹni tó sanra tẹ́lẹ̀ tó wá fọn kíákíá náà wà nínú wọn, òun la sì máa ń kí kú oríire nígbà tí ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ fura

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ọwọ́ tó fi ń jẹun, lórí oríkèé ìka ìfábẹ̀là àti ti àárín. Ẹni tó ń ti ìka bọ ọ̀fun lójoojúmọ́, eyín òkè rẹ̀ á máa ha ibẹ̀, awọ ibẹ̀ á le, á ní àpá, nígbà mìíràn egbò tútù á wà lórí àpá tó ti gbó. Ẹ ní kó la ẹnu: omi kíkan inú ikùn máa ń jẹ ìhà ẹ̀yìn eyín iwájú ti òkè, eyín á fẹ́lẹ́, á máa ta á tó bá mu nǹkan tútù. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì: wọ́n lè wú bíi ti ọlọ́ṣegede, ṣùgbọ́n kò ní ibà, kì í sì í sábà dùn ún. Lára ẹni tí ebi ti pa pẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á tutù, irun wẹ́wẹ́ á hù sí ẹ̀yìn àti apá, nǹkan oṣù á ti dúró. Aṣọ ńlá tàbí súwẹ́tà nínú oòrùn náà yẹ kó mú wa bèèrè.

Ní ilẹ̀ wa, ààwẹ̀ máa ń bo àìsàn yìí mọ́lẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ girama ní Gánà, tó jáde ní 2004, rí àwọn tí kò ní àìsàn mìíràn tó mú wọn rù ju pé wọ́n ń febi pa ara wọn, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣàlàyé rẹ̀. A ò gbọ́dọ̀ bú ààwẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn béèrè ìgbà tó ń ṣínu, ohun tó fi ń ṣínu, àti ohun tó ń ṣe lẹ́yìn ìṣínu. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ máa ń retí ìṣínu. Aláìsàn yìí, ìṣínu gan-an ló ń bẹ̀rù.

Ẹ béèrè tíì ìfọnra náà, ẹ dárúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tà á ládùúgbò yín. Senna ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, oògùn ìgbẹ́ ni. Ẹ béèrè Dulcolax, tó jẹ́ oògùn ìgbẹ́, ẹ béèrè Lasix, tó ń mú èèyàn tọ̀, ẹ béèrè àgbo. Tí ẹ kò bá dárúkọ wọn, á ní òun kò lo oògùn kankan, kò sì ní jẹ́ irọ́ lójú ara rẹ̀.

Ìbéèrè márùn-ún wà tí àwọn olùwádìí Morgan, Reid àti Lacey gbé jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1999, tí kò gba ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ lè bi í báyìí, kí ẹ sì yí “o” padà sí “ẹ” fún ẹni tó bá dàgbà:

“Ṣé o máa ń mọ̀ọ́mọ̀ bì tí o bá ti yó jù?”
“Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ pé o ò lè kó ara rẹ níjàánu mọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ oúnjẹ?”
“Ṣé o ti fọn ju kílò 6 lọ láàárín oṣù 3?”
“Ṣé o gbà pé o sanra, nígbà tí àwọn èèyàn ń sọ pé o rù?”
“Ṣé oúnjẹ ló ń darí ayé rẹ báyìí?”

Tó bá dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fura gidigidi. Ẹ má bi í lójú ìyá tàbí ọkọ rẹ̀. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀, a ó pè yín” ti tó láti ní àyè.

Síbẹ̀, ìfura kò gba ipò àyẹ̀wò. Ẹ wá HIV, ikọ́ ẹ̀gbẹ, àtọ̀gbẹ, àìsàn ẹṣẹ́ thyroid inú ọrùn tó ń mú ara gbóná, oyún, àti àrùn inú ìfun. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé bí gbogbo wọn bá ti jáde pé kò sí, wọ́n á ní aláìsàn kò ní nǹkan kan, wọ́n á sì dá a padà sílé.

Ìgbésẹ̀ 2: ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa

Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ ka ìlù ọkàn rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ ní kó dìde, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2 sí 3. Ọkàn tó ń lù ní ìsàlẹ̀ 40 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ ewu ńlá. Fún ọ̀dọ́, ìsàlẹ̀ 50 lójú ọ̀sán ti tó láti dá a dúró. Bí ìfúnpá òkè bá wà ní ìsàlẹ̀ 90, tàbí tó bá fi ju 20 lọ sílẹ̀ nígbà tó dìde, ẹ má jẹ́ kó lọ. Ìwọ̀n ooru ara tó wà ní ìsàlẹ̀ 35.5 náà jẹ́ ewu.

Ibì kan wà tí èèyàn máa ń ṣìnà gan-an níbí. Ọkàn ẹni tí ebi ti gbẹ yẹ kó máa lù díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá rí ẹni tó rù gan-an tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní 90, ẹ má sọ pé ó dára. Ẹ wá àrùn inú ẹ̀jẹ̀, ẹ wá àrùn ẹ̀dọ̀fóró, nítorí ara rẹ̀ lè má ní agbára láti gbóná, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má sì gòkè. Ní ìdà kejì, ọkàn tó ń lù ní 38 tí ojú aláìsàn ṣì mọ́lẹ̀, tí ìfúnpá rẹ̀ kò burú, kì í ṣe ẹni tí à ń sáré gún ní atropine, oògùn tó ń mú ọkàn sáré. Ẹ mú un gbóná, ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ bó ṣe yẹ.

Ẹ wọn ìwúwo rẹ̀ nínú aṣọ ilé ìwòsàn nìkan, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀. Àwọn kan máa ń fi owó ẹyọ sápò, àwọn mìíràn máa ń mu omi púpọ̀ kí wọ́n tó gun òṣùwọ̀n; sodium tó wà ní ìsàlẹ̀ 130 lè jẹ́ àmì irú omi bẹ́ẹ̀. Ẹ pín kílò sí mítà gíga rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ẹni tó jẹ́ kílò 34, tó ga ní mítà 1.63, BMI rẹ̀ jẹ́ 12.8. Fún àgbàlagbà, ìsàlẹ̀ 13 jẹ́ ewu ńlá. Ṣùgbọ́n BMI 19 kò dáàbò bo ẹni tó ń bì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́.

Ẹ dán agbára iṣan rẹ̀ wò, kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ ní kó dìde jókòó láti ìdùbúlẹ̀ láìfi ọwọ́ tì. Lẹ́yìn náà ẹ ní kó lóṣòó, kó sì dìde láìdi nǹkan mú. Tí kò bá lè ṣe é rárá, òdo. Tó bá fi ọwọ́ ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, 1. Tó bá ṣòro fún un, 2. Tó bá ṣe é wẹ́rẹ́, 3. Òdo tàbí 1 nínú èyíkéyìí túmọ̀ sí pé ó ní láti dúró. Nínú ìtọ́sọ́nà MEED (Medical Emergencies in Eating Disorders), tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2022 láti rọ́pò ìtọ́sọ́nà àtijọ́ tó ń jẹ́ MARSIPAN, ìdánwò yìí wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà nínú ewu, pẹ̀lú àwọ̀ pupa, ọsàn àti ewé.

Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ ní ECG, àyẹ̀wò tó ń ya bí iná ọkàn ṣe ń lọ sórí ìwé. QTc (àkókò tí ọkàn fi ń ṣe ìlù kan tó sì ń palẹ̀ mọ́ fún èyí tó kàn, ní milliseconds) tó kọjá 450 gba àkíyèsí, èyí tó kọjá 500 ti fẹ́ di ìjàǹbá. Ẹ má gba nọ́ńbà ẹ̀rọ gbọ́ láìwò ó: tí ọkàn bá ń lù díẹ̀díẹ̀, ìṣirò Bazett máa ń dín QTc kù ju bó ṣe jẹ́ lọ, potassium tó bá sì lọ sílẹ̀ máa ń mú ìgbì U jáde lẹ́yìn T. Ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ọwọ́.

Ìgbésẹ̀ 3: ẹ̀jẹ̀

Sodium, potassium, chloride, bicarbonate, urea, creatinine, phosphate, magnesium, calcium, ṣúgà, iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀, àti àyẹ̀wò oyún. Potassium àti chloride tó lọ sílẹ̀ pẹ̀lú bicarbonate tó gòkè ń sọ pé èébì ni. Potassium tó lọ sílẹ̀ pẹ̀lú bicarbonate tó lọ sílẹ̀ ń tọ́ka sí ìgbẹ́ gbuuru, pàápàá oògùn ìgbẹ́. Creatinine tó dà bíi pé ó dára nínú ara tí kò ní iṣan lè máa bo kíndìnrín tó ti ń ṣàìsàn.

Èsì tó mọ́ kò sọ pé kò sí ewu. Nígbà tí ebi bá ti pẹ́, ara máa ń fa àwọn èròjà yìí láti inú egungun àti iṣan kó lè mú ẹ̀jẹ̀ dúró, títí di ọjọ́ tí oúnjẹ àkọ́kọ́ bá wọlé. Ibi tí wọn kò ti lè ṣe àyẹ̀wò phosphate, ẹ ṣe bíi pé ó ti lọ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: wákàtí àkọ́kọ́

Thiamine (fítámì B1) ló kọ́kọ́ wọlé, kí ṣúgà tàbí oúnjẹ tó tẹ̀ lé e: 200 sí 300 mg lójúmọ́. Tí ọpọlọ rẹ̀ bá dàrú, tí ìrìn rẹ̀ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí ojú rẹ̀ kò yí dáadáa, 500 mg nínú omi iyọ̀ 100 mL fún ìṣẹ́jú 30, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ìdí ni pé ara ń lo thiamine láti sun ṣúgà; ẹni tí kò ní in mọ́, tí ẹ wá fa dextrose (omi ṣúgà) fún, ọpọlọ rẹ̀ lè bàjẹ́ lójú yín.

Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ṣúgà tó wà ní ìsàlẹ̀ 3 mmol/L. Ìyẹn kò lè dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ fún un ní méjèèjì pọ̀. Tó bá lè gbé mì, ṣíbí kékeré ṣúgà 4 nínú omi. Tí kò bá lè gbé mì, dextrose 10% 150 mL fún ìṣẹ́jú 15. Tó bá jẹ́ 50% nìkan ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ da 50 mL rẹ̀ mọ́ omi abẹ́rẹ́ 200 mL, yóò di 10%. Ẹ má tì 50% wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bó ṣe wà: insulin á fò sókè, ṣúgà á tún já wálẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, phosphate àti potassium á sì bá a lọ. Glucagon, abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sílẹ̀, kì í sábà ṣiṣẹ́, torí kò sí ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ kó pamọ́ mọ́. Ẹ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ní wákàtí wákàtí, pàápàá láàárín òru.

Dírípù. Iṣan ọkàn náà ti fẹ́lẹ́, bíi ti apá àti itan. Lítà kan tí a máa ń sáré fún ọ̀dọ́ mìíràn lè kún ẹ̀dọ̀fóró ẹni yìí. Tí kò bá sí nínú ewu ìfúnpá tó já pátápátá, ẹ fún un ní omi iyọ̀ 50 sí 75 mL ní wákàtí kan, tàbí kó máa mu ún. Tó bá wà nínú ewu, 250 mL lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tẹ́tí sí ẹ̀dọ̀fóró kí ẹ tó fún un ní òmíràn. Ẹni tó ń bì tàbí tó ń lo oògùn ìgbẹ́ lójoojúmọ́ ní ìṣòro tirẹ̀: kíndìnrín rẹ̀ ti kọ́ láti di iyọ̀ mú, torí náà tó bá jáwọ́ lójijì tí ẹ sì fa omi iyọ̀ púpọ̀ fún un, ẹsẹ̀ àti ojú rẹ̀ á wú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Á ní “ẹ ti sọ mí di sísanra,” á sì padà sí oògùn ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣàlàyé fún un ṣáájú pé omi ni, kì í ṣe ọ̀rá, yóò sì lọ.

Potassium: tó bá ju 3 lọ tí ECG rẹ̀ sì dára, ẹ fún un lẹ́nu. Tó bá wà ní ìsàlẹ̀ 3, tàbí tí ECG ti yí padà, ẹ gba iṣan ẹ̀jẹ̀: 40 mmol nínú lítà kan omi iyọ̀, kó má kọjá 10 mmol ní wákàtí kan níbi tí kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn. Ẹ má dà á sínú dextrose, insulin á tì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ má fi sírínjì tì í wọlé láé. Tí potassium bá kọ̀ tí kò gòkè, ẹ wo magnesium. Magnesium sulfate kì í wọ́n ní yàrá ìgbẹ̀bí, nítorí òun ni wọ́n fi ń tọ́jú gìrì aboyún, nítorí náà ẹ ránṣẹ́ síbẹ̀ tí ilé oògùn bá ní kò sí. Tí ìlù ọkàn bá di torsades, ìlù yíyára tó dàrú tó lè pa èèyàn, 2 g ni, tó jẹ́ 4 mL nínú èyí tó jẹ́ 50%, kí ẹ pò ó mọ́ omi, fún ìṣẹ́jú 10 sí 15.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn tó ń mú QT gùn sí i: ondansetron tí à ń fún gbogbo ẹni tó bá ń bì, metoclopramide, haloperidol, citalopram, azithromycin, ciprofloxacin. Nílẹ̀ wa, ẹ fi oògùn ibà kún un: quinine, chloroquine, àti artemether-lumefantrine pàápàá, tí ìwé rẹ̀ ti kìlọ̀ nípa ẹni tí potassium rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹ má kọ oògùn ibà nítorí pé ó ní ara ń ro òun. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ rí kòkòrò ibà kí ẹ tó fún un, kí ẹ sì tún potassium ṣe ná. Tí ibà ọ̀hún bá le lóòótọ́, artesunate abẹ́rẹ́ sàn fún un ju quinine lọ.

Ìjàǹbá ikùn mẹ́ta kò gbọ́dọ̀ bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹni tó jẹun rẹpẹtẹ, tí ikùn rẹ̀ wú gbọn-ín, tó fẹ́ bì tí kò lè bì: ẹ má fún un ní ohunkóhun lẹ́nu, ẹ ki rọ́bà bọ imú rẹ̀ láti tú ikùn náà, ẹ pe oníṣẹ́ abẹ, torí ògiri ikùn lè kú. Ẹni tó ń bì ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn èébì líle. Àti ẹni tí àyà rẹ̀ ń dùn ún kíkan lẹ́yìn èébì, tí awọ ọrùn rẹ̀ ń dún jẹ́jẹ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́: ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti ya, wákàtí díẹ̀ ló kù.

Ìgbésẹ̀ 5: oúnjẹ

Tí oúnjẹ bá wọ ara tí ebi ti gbẹ, insulin á gòkè, á kó phosphate, potassium àti magnesium láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ sẹ́ẹ̀lì. Phosphate ni ọkàn àti iṣan ìmí fi ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ 3 sí 5 àkọ́kọ́ ló léwu jù. Ẹni tí BMI rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ 16, tàbí tí kò jẹ nǹkan gidi fún ju ọjọ́ 10 lọ, tàbí tó ti pàdánù ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ lọ láàárín oṣù 3 sí 6, wà nínú ewu yìí.

Àwọn tó léwu jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kálórì 10 sí 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́: ẹni kílò 35, 350 sí 700. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dúró dáadáa, ẹ máa gbé e sókè ní ojoojúmọ́ tàbí ọjọ́ méjì méjì. Àwọn tí ewu wọn kéré lè bẹ̀rẹ̀ láti 1,400 sí 2,000. Ẹ̀rù ewu yìí ti mú kí àwọn kan fi aláìsàn sílẹ̀ sórí oúnjẹ kékeré fún ọ̀sẹ̀ kan, tí ebi tó gbé e wá sì pa á lórí bẹ́ẹ̀dì. Àṣìṣe méjèèjì ń pa ènìyàn.

Ẹbí á gbé mọ́ọ̀tì àti glúkóòsì wá, torí ìfẹ́ ni. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ dúpẹ́, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Ṣúgà olómi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni ohun tí à ń sá fún. Mílíìkì ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀, nítorí lítà kan rẹ̀ ní tó 30 mmol phosphate, ó sì ń ṣe iṣẹ́ níbi tí oògùn phosphate kò sí. Ẹ fún un díẹ̀díẹ̀, torí mílíìkì máa ń ru ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa nínú; wàrà tàbí yógọ́ọ̀tì máa ń rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù. Ẹ̀kọ mímu pẹ̀lú mílíìkì, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin, ẹ̀wà rírọ̀ díẹ̀.

Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ kí ó tó jẹun, lẹ́yìn wákàtí 6 sí 12, lẹ́yìn náà lójoojúmọ́. Tí phosphate bá wà ní ìsàlẹ̀ 0.6 mmol/L, ẹ fún un lẹ́nu. Ní ìsàlẹ̀ 0.3, ẹ gba iṣan ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì fi oúnjẹ sí iye tó wà, kí ẹ má gbé e sókè. Ọkàn tó kúrò ní 45 tó di 100, ẹsẹ̀ tó wú, ìmí tó ń gùn, ọ̀rọ̀ tó dàrú: ẹ má dúró de èsì kí ẹ tó pe dókítà àgbà.

Ìgbésẹ̀ 6: ọ̀rọ̀ ẹnu, àti ibi tó kàn

“O ti ń sanra báyìí, ara rẹ ti ń yá” jẹ́ àdúrà fún ẹlòmíràn. Létí aláìsàn yìí, ó lè mú un fa rọ́bà imú rẹ̀ yọ. Ẹ sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa ju ti àná lọ, pé ọwọ́ rẹ̀ ti gbóná. Ẹ má bá a jiyàn pé ó rù, ẹ má sì dẹ́rù bà á. “Mo mọ̀ pé ẹ̀rù oúnjẹ yìí ń bà ọ́. Mo wà níbí. A ó jọ mu ún díẹ̀díẹ̀.” Ẹnì kan jókòó tì í fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn oúnjẹ, kó má lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan. Ẹ bi í ní gbangba bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kì í fi èrò sí i lọ́kàn, ọ̀pọ̀ tí àìsàn yìí sì pa ló gba ọwọ́ ara rẹ̀ lọ.

Tó bá ní òun fẹ́ lọ sílé, ẹ wádìí bóyá ọpọlọ rẹ̀ lè gbé ìpinnu náà wò. Ebi àti ìbẹ̀rù oúnjẹ lè gba agbára yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ketekete. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìlera ọpọlọ ti 1983 fàyè gba bíbọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú. Ní Nàìjíríà, ẹ pe oníṣègùn ọpọlọ àti dókítà àgbà, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má gbé e lọ sí Arò tàbí Yábàá ní òru tó dé, nígbà tí potassium rẹ̀ ṣì jẹ́ 2.4. Ara ni à ń kọ́kọ́ mú dúró. Kí oníṣègùn ọpọlọ wá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó bá tó àkókò láti gbé e lọ, kí ìwé tó bá a lọ ní ìwúwo rẹ̀ àti bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n, ìlù ọkàn rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró, QTc, phosphate àti potassium mẹ́ta tó kẹ́yìn pẹ̀lú wákàtí wọn, iye kálórì tó ń jẹ lójúmọ́, iye thiamine tó ti gbà, àti aago tó yẹ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tó kàn.